Pọ́ọ̀pù àbí Rọ́ọ̀kì: Ta Ló Ń Sọ Ọjà Lórúkọ?

Ọ̀rọ̀ olórin ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjà ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà, ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, kó sún mọ́bí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ẹnu àwọn ọmọ ìwòyí: "rockstar". Ọmọkùnrin kan á wọ ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, á fi dígí dúdú bojú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ní, "Rockstar ni bọ̀bọ́ yìí!" Òmíràn á ta ẹrù ọ̀gá ẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá á ní, "Rockstar lọmọ tèmi!" Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan gìtá rí láyé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó fúnra ẹ̀ kọ orin, tó gbé gìtá kọ́rùn, tó ta á lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n á ní, "Pop star lásán nìyẹn." Kí ló fà á tí orúkọ kan fi di oyè, tí èkejì sì di èébú? Ta ló pín in?

Ìtumọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. "Pop" tí àwọn òyìnbó ń wí, "popular" ni wọ́n gé kúrú, ìyẹn orin tó gbajúmọ̀, orin tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Kò sí èébú níbẹ̀. "Rock", òun náà, "rock and roll" ni wọ́n gé kúrú. Nǹkan tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó sì ń yí gbiri, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń lò ó tipẹ́ fún bí ara ṣe ń mì nínú ijó, fún bí ẹ̀mí ṣe ń gbé èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti fún ohun tó wà láàárín tọkọtaya lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa fìtílà. Orúkọ orin lásán ni méjèèjì. Ìgbà tí owó àti ọlá wọ̀ ọ́ ni wàhálà dé.

Obìnrin kan ló yẹ kó ṣíwájú nínú ìtàn yìí. Rosetta Tharpe lorúkọ ẹ̀, Sister Rosetta layé ń pè é. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i sí Cotton Plant, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas l'Amẹ́ríkà. Ìyá ẹ̀ ń kọrin, ó sì ń wàásù. Ọmọ náà ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Nígbà tí gìtá oníná dé, Sister Rosetta gbé e kọ́rùn, ó ń fi í kọrin Ọlọ́run, ó sì ń ta á kíkankíkan débi pé ẹni tó wá gbàdúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká. Ní 1947, ó dé ìlú Macon ní Georgia, ó gbọ́ ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń kọrin, ó pè é sórí ìtàgé, ó sì fún un lówó. Ọmọ yẹn ni Little Richard, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá "rock and roll".

Kí wá ni wọ́n ń pe orin Sister Rosetta nígbà tó ń tà wàràwàrà? Wọn ò pè é ní rọ́ọ̀kì, wọn ò pè é ní pọ́ọ̀pù. Ìwé ìròyìn Billboard, tó máa ń ka àwo tó ń tà jù, "race records" ló kọ sí irú àwo bẹ́ẹ̀ lórí, ìyẹn àwo àwọn ẹ̀yà dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Wọn ò wo orin kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, oníbàárà ni wọ́n wò. Ní 1949, wọ́n yí orúkọ náà padà sí "rhythm and blues". Ní 1951, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ rédíò nílùú Cleveland, Alan Freed, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin àwọn dúdú yìí sáfẹ́fẹ́ lóròòru. Àwọn ọmọ òyìnbó gbọ́ ọ, wọ́n ń rà á, ni Freed bá ń pè é ní "rock and roll", orúkọ náà sì gbilẹ̀. Orin ò yí padà o. Ẹni tó ń rà á ló yí padà.

Owó náà sì yà gba ibòmíràn. Ní 1952, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Big Mama Thornton kọ "Hound Dog" sínú àwo. Nígbà tó jáde ní 1953, òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní láàárín àwo àwọn dúdú. Ní 1956, Elvis Presley, ọmọ òyìnbó arẹwà, kọ orin kan náà, ó tà á ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Thornton fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìwé owó kan ṣoṣo, 500 dọ́là, lòun rí gbà lórí orin yẹn. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹun.

Orin yìí sọdá òkun lọ sí Britain, àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù nílùú èbúté bíi Liverpool sì gbé gìtá. Láàárín 1963 sí 1965, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tínú ń run. "Pop group" ni wọ́n ń pe gbogbo ẹgbẹ́ olórin. Ní January 1, 1964, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ "Top of the Pops". Ta ló wà lára àwọn tó kọrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Rolling Stones! Àwọn tí wọ́n wá ń pè ní àgbà rọ́ọ̀kì, ẹnu ọ̀nà pọ́ọ̀pù ni wọ́n gbà wọlé. Lọ́dún kan náà, Sister Rosetta lọ kọrin ní Manchester, ní ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọn ò lò mọ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ki gìtá oníná mọ́lẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọmọ òyìnbó tí ń ta gìtá nígbà yẹn, tó bá wo ètò náà, ìyá ọjà ló rí.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn Beatles. Ta ló sọ wọ́n di èèyàn? Àwọn ọmọdébìnrin ni. Àwọn ló ń tọ́jú owó oúnjẹ, tí wọ́n fi ń ra àwo. Àwọn ló ń tò sójú títì, tí wọ́n ń ké títí tí àwọn tó ń kọrin ò fi gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Nígbà tó di August 1966, àwọn Beatles ṣeré tó kẹ́yìn ìrìn àjò wọn ní San Francisco, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ làwọn máa jókòó sí.

Ọdún 1967 ni nǹkan fọ́ sí méjì. Ní June ọdún yẹn, wọ́n ṣe àríyá orin ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Monterey, ní California. Ibẹ̀ ni Jimi Hendrix, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ò tíì sí irú ẹ̀ nídìí gìtá, ti dáná sun gìtá ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Lónìí, bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé nìyẹn. Kí lorúkọ àríyá náà? "Monterey International Pop Festival". Pọ́ọ̀pù! Orúkọ ò tíì yà síra nígbà yẹn. Àmọ́ ní November ọdún kan náà, ìwé ìròyìn Rolling Stone bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní San Francisco, àwọn òǹkọ̀wé irú ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sílẹ̀: rọ́ọ̀kì níhìn-ín, pọ́ọ̀pù lọ́hùn-ún.

Kí ni wọ́n fi fa ìlà? Owó wà níbẹ̀. Àwo kékeré tó ní orin kan lójú kan, tó ní òmíràn lódì kejì, owó ọwọ́ ọmọ ilé ìwé ká a. Àwo ńlá tó ń yí fún bí ogójì ìṣẹ́jú gba owó tó nípọn, àwọn ọmọkùnrin yunifásítì sì wà lára àwọn tó ń rà á jù. Irú wọn náà ló tún ń kọ ìwé ìròyìn. Ni wọ́n bá ní ti àwọn jinlẹ̀, òótọ́ inú ló wà níbẹ̀, rọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní tàwọn ọmọdébìnrin tó ń ké yẹn, ìpápánu ni, pọ́ọ̀pù ni. Àwọn Beatles kan náà tó jẹ́ pọ́ọ̀pù ní 1964 di rọ́ọ̀kì ní 1967. Ọwọ́ kan náà, gìtá kan náà. Àwọn ọmọdébìnrin tó bá wọn gbé ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ kò rí ọpẹ́ gbà.

Àwọn kan ń jìyà ohun tí ẹlòmíì ń ṣe gbé. Ní 1966, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́rin jọ fún eré tẹlifíṣọ̀n l'Amẹ́ríkà, wọ́n pè wọ́n ní Monkees. Wọ́n ń bú wọn pé àwọn kọ́ ló ń ta ohun èlò nínú àwo wọn, alágbàṣe ni. Òótọ́ ni nínú àwo tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Byrds, tí àwọn òǹkọ̀wé rọ́ọ̀kì ń kí kú iṣẹ́, nínú àwo tó sọ wọ́n di olókìkí ní 1965, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ta gìtá ẹ̀. Alágbàṣe ló ta ìyókù. Ìwà kan náà, èébú fún ti ọ̀hún, ìyìn fún tibí.

Ọ̀rọ̀ yìí dé Èkó pàápàá. Ní 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, gbéra láti Britain, òun àti Linda ìyàwó ẹ̀ àti Denny Laine, wọ́n wá gbohùn sílẹ̀ nílé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Àwo "Band on the Run" ni wọ́n wá ṣe. Ẹni tí àwọn ọmọdébìnrin ń ké lé lórí bí olórin pọ́ọ̀pù ti di onírọ́ọ̀kì kó tó wọ Èkó. Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá jí gbé. McCartney gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀, ó fi í gbọ́ létí Fela, Fela rí i pé kò sí ohun tirẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè Fela kì í ṣe tòmùgọ̀. Ẹni tó bá rántí Big Mama Thornton àti 500 dọ́là á mọ ìdí tí onílé fi ń ka ẹrù ẹ̀ nígbà tí àlejò bá wọlé.

Lásìkò yẹn náà, ọmọ Nàìjíríà ń ta rọ́ọ̀kì l'Ékòó. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ti dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀ ní 1972, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá Ginger Baker, onílù ọmọ Britain, ṣeré. Àwọ̀ dúdú wọn ò dí gìtá wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n l'Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn dúdú ti bí orin náà, wọ́n ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ló ni ín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní August 1981, tẹlifíṣọ̀n MTV bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ó ń fi fídíò orin hàn tọ̀sán-tòru, ekukáká sì lèèyàn fi ń rí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Àlàyé wọn ni pé rọ́ọ̀kì làwọn ń ṣe. Ní 1983, David Bowie, onírọ́ọ̀kì òyìnbó, bi òṣìṣẹ́ wọn kan lójúkojú pé kí ló dé tí àwọn dúdú fi kéré báyìí níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Michael Jackson wọlé pẹ̀lú "Billie Jean". Nínú àwo "Thriller" ẹ̀ tó jáde ní 1982, Eddie Van Halen, ọ̀gá onírọ́ọ̀kì, ló fọwọ́ ara ẹ̀ ta gìtá sí "Beat It". Ní 1989, Elizabeth Taylor, òṣèré fíìmù, dìde níwájú ogunlọ́gọ̀, ó pe Michael Jackson ní ọba pọ́ọ̀pù, ọba rọ́ọ̀kì àti ọba soul. Nínú oyè mẹ́ta, ẹyọ kan ló lẹ̀ mọ́ ọn lára: ọba pọ́ọ̀pù. Jackson ò bínú, ó gba adé náà, ó dé e. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú èèyàn wá di ohun tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi onírọ́ọ̀kì joyè ní tiwọn. Ní 1986, ilé oyè kan tó ń jẹ́ Rock and Roll Hall of Fame kọ́kọ́ kó èèyàn wọlé. Àwọn dúdú pọ̀ nínú wọn, ìyẹn dára. Little Richard wà níbẹ̀. Alan Freed tó fi rédíò tan orúkọ náà kálẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ọdún 1987 ni Aretha Franklin tó wọlé, òun lobìnrin àkọ́kọ́. Sister Rosetta ńkọ́, ẹni tó fa Little Richard lọ́wọ́ sórí ìtàgé? Ó ti kú ní 1973, wọ́n sin ín sí Philadelphia, ó sì lé lọ́gbọ̀n ọdún tí kò fi sí òkúta tó ń jẹ́rìí pé òun ló sùn síbẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ràn orin ẹ̀ tó dáwó jọ. Ọdún 2018 ni ilé oyè tó rántí ẹ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n rántí Big Mama Thornton. Adé dé, orí ti lọ.

Ìgbà ti ń yí o. Ní 2004, òǹkọ̀wé kan tí baba ẹ̀ jẹ́ ọmọ Gambia, Kelefa Sanneh, kọ ọ́ sínú New York Times pé àwọn tó ń gbé rọ́ọ̀kì ga, tí wọ́n ń tẹ pọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, kí wọ́n wo àwọn tí wọ́n ń tì síta: obìnrin àti aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 2017, Post Malone àti 21 Savage ṣe orin kan tí wọ́n pè ní "Rockstar", ó wà nípò kìn-ín-ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ l'Amẹ́ríkà. Orin ráàpù ni! Ẹ ò rí i pé oyè náà ti kúrò lára gìtá, ó ti di aṣọ tí ẹni tó bá wù lè dá. Ní 2022, ilé oyè ọ̀hún fẹ́ fi Dolly Parton joyè, olórin àwọn ará oko Amẹ́ríkà. Ó ní kí wọ́n fojú fo òun, òun ò tíì ṣe rọ́ọ̀kì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í jẹ ẹ́ síbẹ̀. Ìyá àgbà náà lọ ṣe àwo rọ́ọ̀kì, ó gbé e jáde ní 2023 nígbà tó ń sún mọ́ ọmọ ọgọ́rin ọdún, ó ní kí gbèsè má sí lọ́rùn òun. Láàárín 2023 sí 2024, Taylor Swift, obìnrin tí wọ́n ń pè ní pop star, ṣeré nígbà 149 nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, ó sì pa ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Kò tíì sí olórin tó pa irú ẹ̀ rí. Àwọn ọmọdébìnrin tó ń ké náà ló sanwó yẹn, pẹ̀lú àwọn tó ti dàgbà nínú wọn. Ta ló tún máa ní ìpápánu ni?

Fela náà, ní 2021, orúkọ ẹ̀ jáde nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ dìbò fún nílé oyè rọ́ọ̀kì yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì dìbò bí ẹni ń jagun. Kò wọlé lọ́dún náà. Ṣé ìyẹn dín ohun tí Fela ṣe kù? Kò dín in kù. Afrobeat ni Fela fúnra ẹ̀ sọ orin ẹ̀, kò dúró de ẹni tó máa sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àbí kò síyàtọ̀ rárá ni?" Ìyàtọ̀ wà. Gìtá tó ń han gooro àti ìlù líle lọ̀pọ̀ onírọ́ọ̀kì fi ń dárà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olórin pọ́ọ̀pù, ẹlòmíì ló ń kọ orin, ẹlòmíì ń ṣètò ẹ̀rọ, akọrin ń fi ohùn àti ijó parí ẹ̀. Bí iṣẹ́ ahunṣọ ṣe yàtọ̀ sí ti télọ̀ nìyẹn. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ìjà wà níbi tí wọ́n ti ní ọ̀kan jẹ́ òótọ́, èkejì jẹ́ irọ́, tó wá jẹ́ pé ẹni tó ń rà á ni wọ́n wò kí wọ́n tó dájọ́.

Ẹ wo ọjà nílé. Télọ̀ tó fi máṣíìnì sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, "télọ̀ lásán" ni. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, abẹ́rẹ́ kan náà, òwú kan náà, "fashion designer" ni, owó iṣẹ́ ẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin. Onídìrí di "hair stylist". Òkìrìkà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ṣà nílẹ̀, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, "vintage" ni wọ́n á pè é. Aṣọ ò yí padà o. Ìbéèrè ìtàn àwọn olórin yìí ló wà níbẹ̀: ta ló sọ ọ́ lórúkọ, ta sì ni owó náà ń bá lọ?

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò ṣòro. Oníṣẹ́ tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára, kó má dúró de ẹni tí ò mọwọ́ abẹ́rẹ́ kó tó mọ iye tóun tó. Kó kọ orúkọ ara ẹ̀ sára iṣẹ́ náà, kó tọ́jú ìwé àdéhùn ẹ̀, kó má gba 500 dọ́là lórí ohun tí ẹlòmíì máa fi dolówó. Oníbàárà kékeré tó ń fi owó àjọ ẹ̀ ra ọjà, kí wọ́n má fojú di í, torí irú ẹ̀ ló sọ àwọn Beatles di èèyàn. Bí ẹ bá sì rí àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ribiribi ní ìdákẹ́jẹ́, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀, ẹ kí i lónìí tó wà láyé. Òkúta orí ibojì ò gbọ́ ìkíni.